Ẹnu Kámẹ́rà: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Fọ́tò Mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Ìdí Arère n'Íbàdàn àti àyíká rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó yín ni ẹ̀kọ́ tòní. Bí ẹ bá fẹ́ ra kámẹ́rà, iye tí wọ́n ń tà á lẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: lẹ́ńsì ta ni kámẹ́rà yìí máa gbà?

Ẹ mú Canon tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, kí ẹ yí lẹ́ńsì díẹ̀, yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ihò tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni ẹnu kámẹ́rà. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí irin wẹ́wẹ́ mélòó kan tó tò, tó ń dán bíi wúrà. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti ń pàṣẹ fún lẹ́ńsì kó sún títí ojú ìyàwó yóò fi mọ́ kedere, ibẹ̀ náà ni lẹ́ńsì ti ń fèsì. Ilé-iṣẹ́ tó bá mọ bí àṣẹ yìí ṣe ń lọ ló lè ṣe lẹ́ńsì tí yóò máa gbọ́ àṣẹ kámẹ́rà náà.

Ọdún 1987 ni Canon gbé ẹnu EF jáde. Sigma, Tamron àti Yongnuo ti ilẹ̀ Ṣáínà fúnra wọn wádìí àṣẹ rẹ̀, wọ́n sì ṣe lẹ́ńsì fún un. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 ti Yongnuo kò wọ́n tó ti Canon. Bí ẹ bá ń ya ìnáwó nínú gbọ̀ngàn Màpó nírọ̀lẹ́, irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ ju èyí tó máa ń bá kámẹ́rà wá lọ. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ nìyẹn.

Ní 2018, Canon mú ẹnu tuntun wá, RF. Irin 8 inú EF di 12. Ní 2022, Viltrox, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe lẹ́ńsì, dá títa lẹ́ńsì RF rẹ̀ dúró, Canon sì sọ pé ilé-iṣẹ́ náà ń tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2024 kí Sigma àti Tamron tó kéde pé Canon ti yọ̀ǹda fún àwọn láti ṣe lẹ́ńsì RF; lẹ́ńsì tí wọ́n sì kọ́kọ́ kéde jẹ́ ti kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré.

Kí a má ṣe ṣe àìtọ́ sí Canon. Ó náwó sí ìwádìí, òfin sì gbà á láàyè láti dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ṣe àdápítà tó jẹ́ kí lẹ́ńsì EF àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kámẹ́rà RF. Ṣùgbọ́n ẹ wo Sony: láti 2011 ló ti fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní àlàyé ẹnu E rẹ̀ láìgba owó. Lónìí, ẹni tó ra kámẹ́rà Sony lè yan lẹ́ńsì olówó ńlá tàbí ti olówó kékeré.

Kí ni ọ̀rọ̀ ẹnu kámẹ́rà yìí ní í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ tí oníbàárà ní sí ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà? Kámẹ́rà lè bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, lẹ́ńsì tó dára lè sin ọ̀gá títí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi gba òmìnira. Nítorí náà, lẹ́ńsì ló ń so oníbàárà mọ́ ilé-iṣẹ́. Ẹni tó dúró nítorí pé owó tó ti ná kò jẹ́ kó lè lọ, kì í ṣe olólùfẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ìgbà tó bá rí àyè ni yóò lọ. Ẹni tí wọ́n fún láàyè láti yàn, tó sì padà wá, òun ni oníbàárà tòótọ́. Ohun tí ọ̀gá ń lò sì ni ọmọ iṣẹ́ máa ń rà, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá kan tó yípadà fi lè kó odidi ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè iye lẹ́ńsì tó wà fún ẹnu kámẹ́rà náà, iye tí wọ́n ń tà wọ́n, àti bóyá ẹ ó rí tòkunbọ̀ rẹ̀ rà n'Íbàdàn. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi kámẹ́rà náà sílẹ̀.