Agogo-Oòrùn Inú Àpò

Gbogbo wa la mọ̀ pé òjìji máa ń gùn ní òwúrọ̀, ó máa ń kúrú ní ọ̀sán, ó sì tún máa ń gùn nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ. Ní ohun tí ó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì ń fi òjìji ṣe agogo tí ènìyàn lè kì bọ àpò.

Eyín erin ni wọ́n fi ń ṣe é. Abala méjì ni ó ní, ó ń ṣí, ó sì ń pa dé bí ìwé. Bí a bá ṣí i, abala kan yóò dùbúlẹ̀, èkejì yóò dúró ṣánṣán. Òwú kan nà láti ara èyí tí ó dúró dé ara èyí tí ó dùbúlẹ̀. Wọ́n fín ìlà wákàtí sí abala ìsàlẹ̀. Ìlà tí òjìji òwú bá bọ́ lé, aago tí ó lù nìyẹn.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀ o! Bí ẹ bá kàn gbé e kalẹ̀ bó ṣe wù yín, irọ́ ni yóò pa. Òwú náà gbọ́dọ̀ kọjú sí àríwá gan-an. Nítorí èyí ni abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì fi wà nínú abala ìsàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí pàápàá máa ń yà díẹ̀ kúrò ní àríwá. Àwọn oníṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fín ìlà kékeré kan tí abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ bá mu. Bí ọ̀bẹ irin bá wà nítòsí, abẹ́rẹ́ á ṣìnà, wákàtí náà á sì ṣìnà.

Arìnrìn-àjò ló ní wàhálà jù. Ní Nuremberg, òwú náà gbọ́dọ̀ gbé orí sókè ní dígírì 49. Ní Róòmù, tí ó wà ní ìhà gúúsù, dígírì 42 ni. Nítorí náà, ihò bíi mélòó kan wà lára abala tí ó dúró. Ẹni tó ń lọ sí Róòmù yóò yọ òwú kúrò nínú ihò òkè, yóò fi bọ ti ìsàlẹ̀. Orúkọ àwọn ìlú àti iye dígírì wọn wà lára agogo náà; ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, ó di kó bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Olówó ń ra ti eyín erin, ẹlòmíràn ń lo ti igi. Mary Rose, ọkọ̀ ogun ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rì ní ọdún 1545. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ ń tú ẹrù inú rẹ̀, kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà sókè ní 1982, wọ́n rí agogo-oòrùn kéékèèké níbẹ̀.

Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, agogo yìí kò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó ní agogo àpò onírin pàápàá kò jù ú nù. Ní ọdún 1675 ni Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Holland, fi irin tín-ín-rín tí a ká bí ìkarahun ìgbín hàn fún agogo àpò. Ṣáájú ìgbà náà, agogo àpò lè fi ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yára tàbí falẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òjìji òwú ni olówó fi ń tún un ṣe.

Ìbéèrè: Kí ni abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń ṣe nínú agogo-oòrùn? Kí ló dé tí ihò ibẹ̀ fi ju ẹyọ kan lọ?