Ìnáwó Oúnjẹ Nígbà tí Ọkọ Kò Bá Fọwọ́ sí Ètò

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé, èyí tí í ṣe owó oúnjẹ. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni owó ọkọ̀ ti lọ sókè, tí ọjà sì wọ́n gógó. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìyàwó a fẹ́ máa ṣọ́ owó ná, ṣùgbọ́n ọkọ a ní òun kò lè jẹ oúnjẹ tálákà nínú ilé òun.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni èyí: a lè dín ìnáwó oúnjẹ kù, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ mú un kúrò nínú abọ́ ọmọ tàbí ti aláboyún. Bí tọkọtaya kò bá jọ pinnu ibi tí wọn yóò ti dín owó, abọ́ àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ ni ó sábà máa ń fúyẹ́.

1. OHUN TÍ Ó Ń FA ÀÌFOHÙNṢỌ̀KAN

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọkọ fi kọ̀, nítorí a kì í fi oògùn ibà wo inú rírun.

(a) Àìmọ iye ọjà. Baálé tí kò dé ọjà láti oṣù mẹ́ta lè rò pé ìyàwó òun ń kó owó pamọ́ ni.
(b) Ọ̀rọ̀ iyì. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni a tọ́ dàgbà pẹ̀lú èrò pé ẹran púpọ̀ ni àpọ́nlé baálé. Bí ẹran bá dín, wọn a ní ìyàwó ti rí àwọn fín.
(d) Bí owó ṣe ń wọlé. Awakọ̀, bíríkìlà tàbí alágbàṣe tí ń gba owó lójoojúmọ́, owó oúnjẹ ojoojúmọ́ náà ni yóò máa fi sílẹ̀. Kì í ṣe ahun, ṣùgbọ́n owó táṣẹ́rẹ́ kì í ra nǹkan lápapọ̀.

Nígbà mìíràn, ọkọ ni ó fẹ́ ètò, tí ìyàwó kò sì gbà. Ìmọ̀ràn kan náà ni ó wà fún àwọn méjèèjì.

2. IBI TÍ A TI LÈ DÍN OWÓ KÙ

Ẹran. Kì í ṣe ẹran nìkan ni ó ń mú ara dàgbà. Nínú 100 giramu ẹran màlúù tútù, èròjà amáradàgbà tó nǹkan bíi giramu 20. Nínú 100 giramu ẹ̀wà gbígbẹ, ó tó nǹkan bíi 23. Nínú sóyà gbígbẹ, ó tó nǹkan bíi 36. Lóòótọ́, ẹ̀wà a máa mu omi bí a bá sè é, nítorí náà abọ́ ẹ̀wà ní láti kún ju ti ẹran lọ. Síbẹ̀, ẹ fi owó wọn wé ara wọn ní ọjà yín, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Ẹja sawa, edé àti ẹyin pẹ̀lú ń ṣe iṣẹ́ ẹran.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kan. Wọ́n se ègé ẹran mẹ́wàá: bàbá jẹ márùn-ún, ìyá jẹ méjì, àwọn ọmọ mẹ́ta jẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá se mẹ́jọ, tí bàbá sì jẹ mẹ́ta, kò sí abọ́ mìíràn tí ó dín. Ègé méjì lóòjọ́ di mẹ́rìnlá lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ á sì ra ẹ̀wà tàbí ẹyin tí gbogbo ilé yóò jọ jẹ.

Ríra nǹkan lápapọ̀. Ẹni tí ń fi agolo ra ìrẹsì lójoojúmọ́ máa ń san owó ju ẹni tí ó ra kóńgò lọ, ẹni tí ó sì ra àpò jèrè ju àwọn méjèèjì lọ. Bí agbára ẹnì kan kò bá ká àpò, kí obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún dá àjọ, kí wọ́n sì pín in. Ẹ sá ẹ̀wà dáadáa sí oòrùn, kí ẹ sì dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ le pinpin, nítorí kòkòrò kò lè yè níbi tí atẹ́gùn kò sí. Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò bíi Sniper sí ẹ̀wà láéláé. Májèlé ni.

Ohun tí ó wà ní àsìkò. Iṣu tuntun, àgbàdo tútù àti ọsàn ní ìgbà tí wọ́n máa ń pọ̀. Bí ata bá pọ̀ lọ́jà, ẹ rà á kí ẹ sá a gbẹ de ìgbà ọ̀wọ́n. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lè hù nínú àpò tí a rọ yẹ̀pẹ̀ sí lẹ́yìn ilé, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ẹ ó sì ti máa já a jẹ.

Ohun tí kò ṣe ara ní àǹfààní. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bisikíìtì àti súìtì ojoojúmọ́ ń gba owó, wọ́n sì ń ba eyín jẹ́. Ibí yìí ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gé.

3. IBI TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN

Ọmọ tuntun kò nílò ju ọmú ìyá rẹ̀ lọ fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kódà kò nílò omi. Ọmú kò ní owó lórí, ṣùgbọ́n ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú gbọ́dọ̀ jẹun yó. Lẹ́yìn oṣù 6, kí ọmọ máa jẹ oúnjẹ mìíràn, kí ó sì máa mu ọmú títí yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ògì lásán kò tó ọmọ, omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ se sóyà nínú omi híhó, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa pò ó mọ́ ògì. Ẹ tún lè fi edé lílọ̀ tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sí i.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin a máa mú ọmọ dàgbà, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní olè jíjà.

4. BÍ A ṢE LÈ BÁ ỌKỌ SỌ̀RỌ̀

Ohùn tútù ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Ẹ má ṣe dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ nígbà tí ebi ń pa á tàbí níwájú àlejò. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rà fún ọ̀sẹ̀ kan àti iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, kí ọmọ yín bá yín kọ ọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ wí báyìí:

“Bàbá Ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ òní. Gbogbo ohun tí a rà ní ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sọ ibi tí a lè mú.”

Ẹ kò pè é ní àjẹkì, ìmọ̀ràn ni ẹ bi í. Bí ó bá ṣiyèméjì, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó sìn yín lọ sí ọjà ní ọjọ́ Sátidé kan. Ẹni tí ó fúnra rẹ̀ ná ọjà kì í tún jiyàn iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ jọ dán ètò náà wò fún ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ẹ fi ọgbọ́n sí ìdáná pẹ̀lú. Ọkùnrin tí ó ní òun kò jẹ ẹ̀wà máa ń fi gbẹ̀gìrì àti ewédú jẹ àmàlà, yóò sì la abọ́. Ẹ̀wà náà kọ́ ni gbẹ̀gìrì àti mọ́ínmọ́ín?

5. BÍ Ó BÁ KỌ̀ SÍBẸ̀

(a) Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbára yín dé: oúnjẹ àárọ̀, oúnjẹ ọmọ, owó ìpápánu. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
(b) Ẹ má ṣe purọ́ iye ọjà. Bí ó bá já irọ́ kan, kò ní gba òtítọ́ gbọ́ mọ́.
(d) Ẹ má ṣe yá owó èlé ní ìkọ̀kọ̀ nítorí ọbẹ̀.
(e) Ẹ wá àgbà tí ó ń bọ̀wọ̀ fún, kí ó bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́.
(ẹ) Bí bàbá bá kọ̀ láti fi owó oúnjẹ sílẹ̀ rárá, tí ebi sì ń pa ọmọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ètò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú láti ọwọ́ òbí rẹ̀. Ẹ lọ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà létí ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bí lílù bá wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ má ṣe fi í mọ́ra. Ẹ sọ fún ẹbí àti òṣìṣẹ́ ìlera.

6. ÀMÌ EWU

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán bí ẹsẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ bá wú, bí irun rẹ̀ bá pọ́n tí ó sì ń já, bí ó bá rù hangogo, tàbí bí kò bá fẹ́ ṣeré tàbí jẹun mọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò fi okùn ìwọ̀n wọn apá ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59. Bí apá náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, oúnjẹ ọmọ náà kò tó. Bí kò bá tó 11.5, ewu ńlá ni. Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọn apá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá tí kò gba ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni yóò gba ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ẹ rà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá tí kò ṣe ara ní àǹfààní?
2. Abọ́ ta ni ó kọ́kọ́ ń fúyẹ́ nínú ilé yín bí owó bá dín?
3. Ta ni àgbà tí ó lè bá yín pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ?