Ẹran Erin Lórí Ẹ̀dọ̀

Wọ́n ní a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹni tó ń fi bíà sin ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dídín bẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ara kò ní àká tó lè kó ọtí pamọ́ sí. Ọ̀rá ní àyè tirẹ̀: ikùn, ìdí, itan. Bí àwọn méjèèjì bá jọ dé, ọtí ni ẹ̀dọ̀ ń kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rá a dúró. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999 yẹ èyí wò lára ọkùnrin 8 tí nǹkan kan kò ṣe. Gíráàmù 24 ọtí ni wọ́n fún wọn, ìwọ̀n tó wà nínú ìgò bíà ńlá kan ṣoṣo. Ọ̀rá tí ara wọn ń jó fi ìdá 73 nínú 100 wálẹ̀. Èyí tó di ọ̀rá nínú ọtí náà fúnra rẹ̀ kò sì tó ìdá 5. Ọ̀rá inú àwo ni kò rí ẹni jó o.

Ìgò kan yẹn, ẹ̀dọ̀ yóò lo bíi wákàtí mẹ́ta lórí rẹ̀. Ẹni tó mu mẹ́rin lálẹ́, iṣẹ́ àná ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣe nígbà tó bá ń wọ aṣọ iṣẹ́ láàárọ̀.

Àwọn ọ̀mùtí a máa ní, "Jẹ ẹran ọlọ́ràá kún inú, ọtí ò ní rí ẹ gbé ṣe." Àbọ̀ òótọ́ ni. Oúnjẹ kì í jẹ́ kí ọtí tètè wọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ náà ni yóò já sí. Ní 1968, Emanuel Rubin àti Charles Lieber fi hàn pé ọtí kó ọ̀rá sẹ́dọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọ̀mùtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ amúaradàgbà tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n ń jẹ.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ń kó sí kì í sábà dunni. Ẹni tí yóò bá mu, kó jẹun ṣáájú, kó fi ẹja rọ́pò ẹran dídín, kó sì ní ọjọ́ tí kò ní fẹnu kan ọtí rárá. Paraga wà nínú ìṣirò o! Ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ pé nítorí jẹ̀dí la ṣe mu ún. Bó bá jẹ́ ọ̀rá nìkan ló ṣì kó jọ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmutí lè kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti bàjẹ́ débi pé ibà pọ́njú mú un, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbo.