Máṣíìnì Kò Sítáàtì: Níbo La Ó Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló bi mí ìdí tí mo fi pẹ́ wọlé ní sáà yìí, tí mi ò fi sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì Físíìsì àkọ́kọ́. Mo sọ fún àwọn kan pé ara mi ò yá. Irọ́ ni mo pa, ẹ má bínú. Máṣíìnì bàbá mi ni ara ẹ̀ ò yá. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan lórí iṣẹ́ ọwọ́ fún ìwé ìròyìn wa, mo ní kí n kúkú kọ ohun tó dá mi dúró sílé.

Búrẹ́dì ni bàbá mi ń gbé kiri ní Minna. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n á di páálí ńlá méjì mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, wọ́n á máa já a fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù láti àdúgbò dé àdúgbò. Ọjọ́ tí máṣíìnì bá dúró, owó dúró nìyẹn. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan ká wọlé ni máṣíìnì náà kú sójú ọ̀nà.

Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ pè ò béèrè nǹkan kan. Ó kíìkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní CDI ló bàjẹ́. A ra CDI. Máṣíìnì ṣiṣẹ́ dé ìpẹ̀kun àdúgbò, ó tún kú. Ó ní á jẹ́ pé kọ́ìlì ni. A ra kọ́ìlì. Ọjọ́ mẹ́rin lọ báyìí, inú owó ilé-ìwé mi ni owó CDI àti kọ́ìlì sì ti ń jáde, èmi náà jókòó mò ń wò ó. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan yà wá, àgbà mẹkáníìkì tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọ̀ffà. Wọn ò tíì fọwọ́ kan máṣíìnì tí wọ́n fi kọjú sí mi, torí èmi ni mo jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ tó kú.

"Nígbà tó máa kú, ṣé ó kú wáí bí ìgbà tí NEPA múná lọ ni, àbí ó kọ́kọ́ ń wúkọ́, tó ń fà sẹ́yìn, kó tó kú?"

Mo ní, "Ó ń wúkọ́ ni, Bàbá."

"Ẹ̀hẹ́n. Kì í ṣọ̀rọ̀ iná nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo epo."

Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ lónìí wà nínú ìbéèrè yẹn. Bí iná pílọ́ọ̀gì bá já, ẹ́ńjìnnì kì í dágbére, á kàn kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí epo ò bá dé dáadáa, á máa gbà díẹ̀díẹ̀, á máa wúkọ́, agbára á máa dín kù títí táá fi dákẹ́. Kì í ṣe òfin tí kò yẹ̀ o, àmọ́ ó ń sọ ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Bàbá Ọ̀ffà fi ike tó mọ́ gaara sábẹ́ kábúrétọ̀, wọ́n tú ìdè kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, epo dà jáde. Wọ́n gbé ike náà sókè sí oòrùn. Ẹ rí i, ohun tó wà nísàlẹ̀ ń yí gbirigbiri bí ìlẹ̀kẹ̀, kò pò mọ́ èyí tó wà lókè. Omi ni! Omi wúwo ju pẹtiróòlù lọ, ìdí nìyí tó fi máa ń lọ jókòó sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò sí epo ní àwọn ilé epo, ọwọ́ àwọn tó ń fi jálá tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni bàbá mi ti rà á. Wọ́n tú epo táǹkì dànù, wọ́n fọ kábúrétọ̀, wọ́n da epo tuntun sí i. Ìgbà kejì tí wọ́n kíìkì rẹ̀ ló ké. Gbogbo ẹ̀ ò gbà tó wákàtí kan, a ò sì ra ẹyọ nǹkan kan. Àmọ́ owó ti lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni bàbá mi tún fi gbé búrẹ́dì kí owó tí mo máa mú wọlé tó pé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mẹ́rin ni písítìn ń ṣe tẹ̀léra: ó fà, ó fún, ó bú, ó tú. Ó fa epo tó ti pò mọ́ afẹ́fẹ́ wọlé. Ó fún un pọ̀ sí àyè kékeré lókè. Pílọ́ọ̀gì ṣẹ́ná sí i, ó bú gbàù, ó ti písítìn wálẹ̀. Èyí nìkan ló ń fún táyà lágbára. Lẹ́yìn náà ló tú èéfín jáde. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó parí, ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì á ti yí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣirò, bí ọ̀pá yẹn bá yí ní ìgbà 6000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 3000 ni epo bú nínú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. (Ó dùn mí pé tẹ́ẹ̀sì tí mo pàdánù, orí agbára àti iṣẹ́ ló dá lé.)

Torí náà, ẹ́ńjìnnì tí kò bá sítáàtì ń wá ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin: epo, afẹ́fẹ́, iná, tàbí ohun tí mo pè ní ìfúnpọ̀. Bàbá Ọ̀ffà ò pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú pílọ́ọ̀gì, wọ́n ní kí n fi àtàńpàkò dí ihò ẹ̀, wọ́n wá kíìkì. Afẹ́fẹ́ ti àtàńpàkò mi dànù tagbáratagbára. Wọ́n ní, "Ó ṣì ń mí." Ẹ̀yin olùkọ́ wa, èwo lẹ rò pé ó dára jù, "ìfúnpọ̀" ni àbí "èémí"? Ti Bàbá Ọ̀ffà wù mí ju tèmi lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà o, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn nǹkan tí ń dójú ti èèyàn. Ṣé epo wà nínú táǹkì? Ṣé wọ́n ṣí ibi tí epo ń gbà lábẹ́ táǹkì, àbí ó wà ní OFF? Bí epo bá ti lọ sílẹ̀, ṣé wọ́n ti yí i sí RES? Súwíìṣì tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ọ̀tún ńkọ́, fún máṣíìnì tó bá ní i? Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí ẹni tó ti máṣíìnì láti ọjà dé ilé torí súwíìṣì yẹn.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń da àwọn mẹkáníìkì gan-an láàmú. Lára ìdérí táǹkì, ihò tín-ín-rín kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń dín kù. Bí eruku bá dí i, máṣíìnì á ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, á wá wúkọ́, á kú. Bó bá sinmi, á tún ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí tẹ́ ẹ gbọ́ "ṣííì", tó sì sítáàtì lẹ́yìn náà, ihò yẹn ni kẹ́ ẹ lọ yọ́ eruku ẹ̀.

Bí epo bá dé, tó mọ́, ẹ wá tú pílọ́ọ̀gì. Pílọ́ọ̀gì ni lẹ́tà tí ẹ́ńjìnnì ń kọ sí wa. Bí imú ẹ̀ bá rí bí àwọ̀ bísíkíìtì, ara le. Bó bá dúdú tó gbẹ bí èédú ìkòkò, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, asẹ́ afẹ́fẹ́ sì lè ti dí. Bó bá dúdú tó ń yọ̀, ọ́ìlì ló ń gòkè wọbi tí kò yẹ kó dé. Bó bá funfun bí ẹfun, epo ò tó, ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná jù. Bó bá tutù tó ń rùn epo, a ti rì í ni. Kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ pa ṣóòkù, kẹ́ ẹ ṣí ọwọ́ iná dé òpin, kẹ́ ẹ kíìkì rẹ̀ bí ìgbà márùn-ún.

Láti mọ̀ bóyá iná wà, ẹ fi pílọ́ọ̀gì sínú fìlà ẹ̀, ẹ fi irin ara ẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíì kíìkì. Iná búlúù tó ń sán la fẹ́. Àmọ́ ìkìlọ̀ kan wà: rọ́bà ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ihò tẹ́ ẹ ti tú u, kí epo kankan má sì sí nítòsí. Èmi di irin mú nígbà àkọ́kọ́. Bàbá Ọ̀ffà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní apá Àríwá tí a wà yìí, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá tó le jù. Láti oṣù November títí di February, asẹ́ afẹ́fẹ́ lè dí kí oṣù tó parí. Bó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ tàbí kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ rọra tẹ omi ẹ̀ jáde, ẹ má lọ́ ọ bí aṣọ torí á ya. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára kí eruku lè máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ rárá. Bó bá jẹ́ ti ìwé, ẹ má fi omi kàn án. Gbígbọ̀n ni, bó bá sì ti dọ̀tí jù, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ dànù pé máṣíìnì á sáré jù. Lóòótọ́, ohùn ẹ̀ á pọ̀. Ṣùgbọ́n yanrìn tó bá wọlé á máa ha sílíńdà, èéfín búlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn, ìyẹn ni pé ọ́ìlì ti ń jóná. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọṣẹ.

Ọ́ìlì náà wá ńkọ́? Nínú irú máṣíìnì wọ̀nyí, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń mu, gbogbo ẹ̀ kì í sì ju bíi lítà kan. Bí lítà kan bá fi ìdajì dín, ìyẹn ti pọ̀ jù. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ ti wò ó, kí máṣíìnì dúró gbọnrangandan, kì í ṣe kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣéènì, ẹ máa nù ún, ẹ máa kan ọ́ìlì sí i. Bẹ́ ẹ bá fìka gbé e láàárín, kó lè lọ sókè sódò bí 20 sí 30 mílímítà. Bó bá le jù, á já. Bó bá dẹ̀ jù, á yọ.

Ọ̀pọ̀ máṣíìnì China tó ní ẹ́ńjìnnì 125 tí a ń rí nígboro, àwòkọ Honda CG125 ni wọ́n, èyí tí Honda gbé jáde ní 1976. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún àwọn ibi tí ojú ọ̀nà ò ti dára, tí àwọn èèyàn kì í sì í tètè tún nǹkan ṣe. Ìyẹn ni pé wọ́n ti mọ̀ wá tẹ́lẹ̀! Orúkọ ọ̀kadà ní tiẹ̀, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air la ti yá a, iléeṣẹ́ náà sì gba orúkọ ìlú Okada ní Ìpínlẹ̀ Edo. Níbí, babur ni àwọn Hausa ń pe máṣíìnì, achaba sì ni èyí tó ń kó èrò. Alùpùpù tiwa, ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rí, ó ti mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá.

Ní báyìí, bí bàbá mi bá ra epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, inú ike funfun ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà á sí, á sùn níta mọ́jú, jìnnà sí iná, kí wọ́n tó rọra da ti òkè sínú táǹkì. CDI àtijọ́ ṣì wà nílé, kò sóhun tó ṣe é.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún ẹgbẹ́:

1. Máṣíìnì kan kú wáí lójú ọ̀nà, kò wúkọ́ rárá, epo sì wà. Kí lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí sì nìdí ẹ̀?
2. Èéfín dúdú ń jáde nídìí máṣíìnì, imú pílọ́ọ̀gì ẹ̀ sì gbẹ bí èédú. Kí ló ṣeé ṣe kó fà á?
3. Ẹ wá orúkọ Yorùbá fún kílọ́ọ̀ṣì, kábúrétọ̀ àti písítìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nílé, ẹ má kàn jókòó ṣẹ̀dá ẹ̀.

Kí ìdáhùn yín wọ inú àpótí ẹgbẹ́ kí ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.