Ṣé èròjà irin inú ọmú tó ọmọ?

Ìbéèrè: Ọmọ mi pé oṣù 4, ọmú nìkan ló ń mu. Ìyá ọkọ mi ní èròjà irin inú wàrà agolo ọmọdé pọ̀ ju ti ọmú lọ. Ṣé kí n fi kún un? — Ìyá Àyọ̀, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Òótọ́ ni màmá sọ. Irin inú lítà ọmú kan kì í sábà tó ìdajì mílígíráàmù. Ti agolo lè tó 4 sí 12. Àmọ́ èyí tó wọ ara ọmọ ni kí ẹ wò. Ó lè gba nǹkan bí ìdajì irin inú ọmú, èyí tó ń gbà nínú ti agolo kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ọmọ tó pé oṣù kí wọ́n tó bí i sì ti kó irin pamọ́ sára láti inú oyún, tí yóò máa ná an títí di nǹkan bí oṣù 6. Ẹ jẹ́ kó máa mu ọmú rẹ̀ lọ. (Bí wọ́n bá bí i láìpé oṣù, ẹ tètè rí dókítà.)

Oṣù 6 gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ògì lásán kò tó! Ẹ lọ ẹja gbígbẹ kúnná sí i, ẹ fún un ní ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀ adìẹ díẹ̀ tó jinná dáadáa. Mílíìkì tí à ń bù sí tíì kì í ṣe wàrà ọmọdé o.