Wo Ìdí Rẹ̀ Kí O Tó Fọ́n Oògùn Sí I

Jókòó síbí, Àkànní. Fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kò sí ibi tó ń lọ. Bí n kò bá fẹ́ràn rẹ ni, ǹ bá wò ọ́ níran. Ta ló ní kí o kó àwọn ọmọ yẹn lọ sóko bàbá rẹ, kí wọ́n gbé tánkì kọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n máa fọ́n oògùn apakoríko láti ìdí igi emi títí dé etí odò? O ní èkan ni. Mo ti dé ibẹ̀ láàárọ̀ yìí. Eruwà ni, Àkànní! Eruwà tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lẹ́bàá oko, tó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, òun ni ẹ bu oògùn lé lórí.

Pé o kò mọ̀ ọ́n kọ́ ló ń dùn mí. Ìgboro ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ta ni yóò fi koríko hàn ọ́ níbẹ̀? Pé o kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ló dùn mí. Èmi wà níhìn-ín. Bàbá ọlọ́dẹ wà ládùúgbò. Àwọn Fúlàní tó ń da màlúù kọjá lójoojúmọ́, ìwọ sá dá ọ̀kan dúró kí o bi í, yóò sọ fún ọ.

Ṣé o rí i, lẹ́yìn tí iná bá ti jó pápá, tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀, gbogbo koríko ló ń jọra ní Òkè-Ògùn yìí. Ewé tútù yọ̀yọ̀ ni gbogbo ilẹ̀. Ẹni tó dúró lóòró tó ń wo ilẹ̀ kò lè dá wọn mọ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o sì fi ọwọ́ kàn án. Èkan kì í hù ní ṣùṣù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ láti inú ilẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Fi ọkọ́ wa ibẹ̀, kò ní jìn, wàá bá gbòǹgbò funfun tó ní oríkèé, tó ń rìn lọ lábẹ́ ilẹ̀, tí ṣóńṣó rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Gbòǹgbò yẹn a máa gún iṣu ní àgúnyọ. Já ewé rẹ̀ kan, gbé e sójú oòrùn. Ọ̀pá funfun tó la ewé náà já kì í sí láàárín gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń fì sí. Etí ewé náà sì mú, má fi ìka fà á lọ. Tí iná bá jó o, kíá ló ń yọ òdòdó funfun tó rọ̀, tí atẹ́gùn ń gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sí oko olóko.

Eruwà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdí kan ni, ọ̀pọ̀ ọ̀pá ló ti inú rẹ̀ jáde. Níbi tí ewé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń tín-ín-rín wọlé bí ọrùn kí ó tó wá fẹ̀, ọ̀pá àárín rẹ̀ gbòòrò, ó funfun, àárín gan-an ló sì wà. Ó lè ga tó mítà mẹ́rin. Nígbà tí òjò bá ń lọ sópin, orí rẹ̀ a so ní méjìméjì. Já èso kan níbẹ̀, wàá rí irun gígùn kan lára rẹ̀ tó lọ́ pọ̀. Kán omi sí i lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ, kí o sì máa wò ó: irun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, yóò máa yí fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a lè jókòó ti èyí títí wọn yóò fi wá fi pàṣán lé wa lọ sílé.

Eruwà fúnra rẹ̀ tún pín sí méjì. Funfun ni èyí tó wà ní gbangba pápá, tí oòrùn ń pa, tó sì máa ń ní irun wínníwínní lára ewé. Dúdú fẹ́ràn ìbòòji, abẹ́ igi àti etí igbó lo ti máa bá a. Ewé rẹ̀ fẹ̀ jù, ọrùn ewé náà gùn jù, ó sì máa ń ju gbòǹgbò sílẹ̀ láti ara oríkèé ìsàlẹ̀ láti fi dúró. Èyí tó wà létí odò yín, dúdú ni. Èyí tó wà nídìí emi, funfun ni. Ẹ pa méjèèjì.

Àwọn mìíràn ṣì wà tí o lè ṣì mú, irú èyí tí àwọn olùkọ́ yín ń pè ní Hyparrhenia, tí orí tirẹ̀ náà ń so ní méjìméjì. Ewé tirẹ̀ kì í ní ọrùn, irun orí rẹ̀ sì sábà máa ń pọ́n. Ti Cymbopogon giganteus ló rọrùn jù. Fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀, kí o gbóòórùn rẹ̀. Ìbátan koríko ọba tí mò ń sè fún ọ nígbà tí ibà bá mú ọ ni, òórùn rẹ̀ kò lè pamọ́.

Ẹ̀wẹ̀, o tún wá ń sọ fún mi pé o kà á lórí fóònù pé koríko burúkú ni gamba, ìyẹn eruwà funfun. Òótọ́ ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọsirélíà ni wọ́n ń sọ! Láti Áfíríkà ni wọ́n ti kó eruwà funfun yìí lọ síbẹ̀ ní 1931 kí màlúù wọn lè rí nǹkan jẹ. Nígbà tó débẹ̀, ó ga ju koríko wọn, ó pọ̀ jù wọ́n lọ, bí iná bá sì mú un, agbára iná náà lè tó ìlọ́po mẹ́jọ ti koríko ìbílẹ̀ wọn. Igi wọn kò lè fara dà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà á mọ́ èpò tó léwu jù lọ lórílẹ̀-èdè wọn ní 2012. Àwọn ará Brazil àti Colombia ńkọ́? Irúgbìn tí wọ́n mú láti Ṣíkà, nítòsí Zaria, ni wọ́n gbìn sí pápá ìjẹko wọn, wọ́n sì ń dúpẹ́. Níhìn-ín, ilé rẹ̀ nìyí. Òun, emi àti igi igbá ti jọ ń gbé láti ayébáyé, iná ń jó o lọ́dọọdún, ó sì ń padà hù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko mìíràn ti gbẹ táútáú, òun ló ṣì ń ní ewé tútù fún ẹran. Òun ni wọ́n fi ń bo ilé. Òun ló di ilẹ̀ etí odò yẹn mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Ta ni yóò dì í mú lọ́dún yìí?

Bí èkan bá wà lóko lóòótọ́, èmi náà yóò bá ọ gbógun tì í. Ìbòòji ni kò fẹ́. Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ní òpin àwọn ọdún 1980, Mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ni lára, ni àwọn àgbẹ̀ gbìn bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyẹn la óò ṣe lórí ebè ìsàlẹ̀ yẹn, níbi tí èkan gidi wà.

Ó dáa, gba omi mu, má fajú ro. Ṣùṣù díẹ̀ ṣì kù lẹ́yìn àpáta, oògùn kò dé ibẹ̀. Sọ fún àwọn ọmọ yẹn kí wọ́n má ṣe jó o títí irúgbìn rẹ̀ yóò fi gbó. Bí òjò bá padà dé, a óò hú díẹ̀ nínú ìdí rẹ̀, a óò pín in sí wẹ́wẹ́, a óò sì gbìn ín sétí odò. Wá àpò kan tó mọ́ fún mi, èyí tí oògùn kò kàn rí.