Ìdídò Aládàáni àti Ọ̀nà Àkúnya

Bí ẹ bá ń gbé Ìkìrun, Inísà tàbí Òkukù, ẹ ó ti gbọ́ nípa ìdídò Èkó-Èndé. Odò Ọ̀tìn ni wọ́n dí níbẹ̀ kí omi ẹ̀rọ lè dé ìlú wa. Ìjọba ló ni ín.

Ìdídò mìíràn wà tí kì í ṣe ti ìjọba. Ẹni tó ní ilẹ̀ tí odò kékeré ń gbà kọjá lè kó yẹ̀pẹ̀ dí i, kó sọ ọ́ di adágún, kó da ẹja sí i, kó gbé ọkọ̀ ojú omi sórí rẹ̀, kí àwọn èèyàn sì máa wá ṣe fàájì níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n omi tí ẹnì kan fi ń gbádùn lókè odò lè pa àwọn tó wà nísàlẹ̀, tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé adágún kankan wà.

Yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi mọ irú ìdídò bẹ́ẹ̀. Ògiri yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kì dáadáa lè dá omi dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí kò lè fara dà ni kí omi máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Bí omi bá ti gun orí ògiri, ẹ̀yìn ògiri ló máa ń họ. Á gbẹ́ kòtò kékeré, kòtò náà á máa jìn sí i, títí ògiri yóò fi là, tí gbogbo adágún á sì ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ìdídò gbọ́dọ̀ fi ní ọ̀nà àkúnya. Ojú ọ̀nà kan ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ, tí wọ́n fi òkúta tàbí kọnkéré tẹ́, kí omi òjò lè rí ibi gbà jáde.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn olówó ìlú Pittsburgh ra ìdídò àtijọ́ kan ní South Fork, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìpẹja àti ìgbafẹ́. Ẹni tó ni ín ṣáájú wọn ti yọ àwọn páìpù irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ tà, nítorí náà kò sí bí wọ́n ṣe lè fa omi adágún náà wálẹ̀ mọ́. Wọ́n gé orí ògiri náà kúrú kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè rí ọ̀nà kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n tún fi asẹ́ irin dí ẹnu ọ̀nà àkúnya kí ẹja wọn má baà sá lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1889, òjò ńlá rọ̀. Ewé àti igi dí asẹ́ náà pa. Àwọn òṣìṣẹ́ gbìyànjú láti kó pàǹtí kúrò, wọ́n tún gbìyànjú láti gbẹ́ ọ̀nà mìíràn fún omi, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò pé ìdídò fẹ́ là, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí, wọn kò sì kà á sí. Ògiri náà là. Nígbà tí omi náà dé ìlú Johnstown nísàlẹ̀ odò, èèyàn 2,209 ló kú. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó ni ìdídò náà tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ asẹ́ ẹja yẹn ló yẹ kó dun gbogbo wa jù, torí pé ó rọrùn láti ṣe. Ẹni tó da ẹja àrọ̀ sómi kò ní fẹ́ kí àkúnya gbé e lọ. Á wá na àwọ̀n sí ẹnu ọ̀nà omi, á sì sùn. Kí ẹja lọ sàn ju kí ògiri lọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ti rí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìdídò oko aládàáni kan là lóru ní Solai, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀dá. Ó lé ní 40 èèyàn tó bá a lọ.

Ewu mìíràn ń bẹ tí ojú kì í tètè rí. Ihò okété, ilé ikán àti gbòǹgbò igi ńlá lè lu ògiri, kí omi máa gba inú rẹ̀ sun jáde. Bí ẹ bá rí ibi tó ń sun nídìí ògiri, ẹ bu omi náà sínú ife tó mọ́ gaara, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀. Bí ó bá mọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Bí yẹ̀pẹ̀ bá silẹ̀ sí ìdí ife, ara ògiri gan-an ni omi ń kó lọ yẹn. Ẹ fa omi adágún wálẹ̀, kí ẹ sì pe ẹnjiníà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú kékeré wo odò wa. Ẹni tó bá fojú ẹ̀ẹ̀rùn wo odò Ọ̀tìn lè rò pé kò lágbára. Nígbà ogun Jálumi ní Ìkìrun, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ọ̀pọ̀ jagunjagun tó ń sá lọ ni odò yìí gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní adágún, ẹ gé igi kúrò lára ògiri, ẹ dí ihò, ẹ sì kó pàǹtí kúrò lẹ́nu ọ̀nà àkúnya kí òjò àrọ̀kúrò tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìsàlẹ̀ odò, ẹ béèrè ohun tó wà lókè yín. Bí omi pupa bá ń sun nídìí ìdídò ẹnikẹ́ni, ẹ má dúró de ẹni tó ni ín. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ kúrò létí odò.